Ojú-Ìwé Mẹ́rìndínlógún Tó Ṣìnà

Ọjọ́ Sátidé kan wà tó kọ̀ tí kò kúrò lọ́kàn mi. Bí mo bá ń fọ ẹnu láàárọ̀ tí mo rántí rẹ̀, ṣe ni mo máa ń dijú pinpin níwájú dígí. Ṣùgbọ́n kí n tó dé orí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ẹja díndín ṣe sọ mí di òǹkàwé, torí ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọ̀ràn yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Máṣíìnì ìránṣọ ni mo ń tún ṣe, ní Onípánu. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo ra ẹja lọ́wọ́ obìnrin Ìlàjẹ kan tó ń dín in létí ọ̀sà ní Bàrígà. Abala ìwé kan ló fi wé e. Òróró ti rin pépà náà débi pé ojú rẹ̀ méjèèjì hàn léra wọn, 61 níwájú, 62 lẹ́yìn, bí ìgbà tí èèyàn méjì bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan, mò ń yọ egungun, mò ń kà. Ìtàn opó kan ni, Àǹtí Rísí, tí ọkọ rẹ̀ fi àpótí kan tí wọ́n tì pa sílẹ̀. Obìnrin yìí wá kọ́kọ́rọ́ títí ó fi rí i nínú bàtà olóògbé. Ní ìlà tó gbẹ̀yìn, kọ́kọ́rọ́ wọlé, ó yí, ìdérí gbéra, Àǹtí Rísí bojú wo inú àpótí, ó sì...

Ibẹ̀ ni pépà parí sí. Ẹja tutù mọ́ mi lọ́wọ́. Mo padà lọ bá ẹlẹ́ja.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ojú-ìwé 63."

Ó wò mí bíi pé mo ti mutí. "Ẹja lo rà, o ò ra ìtàn."

"Ẹ ṣáà bá mi wò ó."

"Mo ti fi wé ẹja fún nọ́ọ̀sì kan tó ń lọ sí Ìgbóbì. Sáré tẹ̀ lé e, bóyá kò tíì jẹ ẹ́ tán."

Mi ò sáré tẹ̀ lé nọ́ọ̀sì. Èèyàn iyì ni mí. Mo kàn rìn kíákíá títí dé ibùdókọ̀, mi ò bá a.

Ẹlẹ́ja ló júwe ibi tó ti ń ra pépà fún mi: ọ̀dọ̀ Bọ̀dá Múfú, ọmọ Ìsẹ́yìn kan tó ń di ìwé ní Ṣómólú. Ẹni tó bá mọ Ṣómólú mọ̀ pé ní àwọn àdúgbò kan níbẹ̀, ilé tí kò bá tẹ ìwé ń gé e, èyí tí kò bá gé e ń dì í. Ìka Bọ̀dá Múfú kún fún gúlúù tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé tó bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ọwọ́ rẹ á lẹ̀ díẹ̀ kó tó jáde. Mo bá a tún máṣíìnì tó fi ń rán ẹ̀yìn ìwé ṣe, òun náà sì ní kí n máa mú ohun tó bá wù mí nínú àwọn ìwé tó bàjẹ́, èyí tó máa ń tò sẹ́bàá ògiri kó tó tà wọ́n fún àwọn ẹlẹ́ja. Ọjọ́ kẹta ni mo rí ojú-ìwé 63. Òfìfo ni àpótí Àǹtí Rísí.

Inú bí mi. Àmọ́ ẹ̀pa ò bóró mọ́. Mo ti di ẹrú ìwé.

Láti ìgbà náà ni mo ti ní ìwé àkọsílẹ̀ kan, aláwọ̀ búlúù, tí mo máa ń kọ ìwé kọ̀ọ̀kan tí mo bá kà sí: iye ojú-ìwé, iye èèyàn tó kú, iye ìgbà tí òjò rọ̀ nígbà tí ẹnì kan ń sunkún. (Nínú ìwé ìtàn àròsọ mẹ́wàá, òjò máa ń rọ̀ sórí ẹkún nínú mẹ́jọ. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.) Mo ka ti bàbá kan tó se oúnjẹ nínú ọkọ̀ òkun fún ogún ọdún, tó ṣàpèjúwe ọbẹ̀ kọ̀ọ̀kan dáadáa, tó wá fi ìlà kan ṣoṣo sọ pé ọkọ̀ náà rì. Ìwé náà dára gan-an ni. Mo ka ìtàn adájọ́ kan tó fẹ́ràn olè tó ń dá lẹ́jọ́, mi ò sì lè tún máṣíìnì kankan ṣe fún ọjọ́ méjì nítorí rẹ̀. Ní ti ìwé tí àwọn èèyàn ńlá ń kọ nípa ìgbésí ayé ara wọn, gbogbo wọn ni wọ́n rìn lọ sílé ìwé láìwọ bàtà, gbogbo wọn ló gba ipò kìíní. Mi ò tíì rí ẹni tó gba ipò kejì rí. Mo máa ń ṣe kàyéfì ibi tí àwọn yẹn wà.

Nítorí pé ìwé tó bàjẹ́ ni mò ń kà, orí kan tàbí méjì sábà máa ń sọnù nínú wọn. Èyí ló jẹ́ kí n dá ìmọ̀ kan sílẹ̀ tí mo pè ní "ìfò". Mo ní òǹkọ̀wé tó mọṣẹ́ kì í sọ gbogbo rẹ̀, ó máa ń fò. Nínú ẹgbẹ́ òǹkàwé wa ti orí fóònù, tí ọ̀pọ̀ ti ń fi àdúrà àárọ̀ ránṣẹ́ tí àwa díẹ̀ sì ń kàwé, mo yin ìwé kan pé ó pa olórí ìtàn láìsọ irú ikú tó kú. Ẹnì kan fèsì pé, "Ọ̀gá Máṣíìnì, ejò ló bù ú jẹ. Ó wà ní orí kẹjọ." Mo dá a lóhùn pé àwọn òǹkàwé kan wà tó jẹ́ pé àfi kí wọ́n rún un sí wọn lẹ́nu. Orí kẹjọ kò sí nínú tèmi.

Ẹnu irú ọ̀rọ̀ báyìí ni Bàbá Díákónì ti gbọ́ òkìkí mi. Tísà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, onítẹ̀bọmi pọ́ńbélé tó ń gbé ní Òbáníkòrò. Ó ti kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, ó pe àkọlé rẹ̀ ní *Láti Abà Dé Ọ́fíìsì*, ìkójáde ìwé náà sì ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó yẹ kó yẹ ìwé náà wò níwájú àwọn èrò ti rìnrìn-àjò. Bàbá pè mí.

"Wọ́n ní o máa ń ka ìwé dé ìparí," ni Bàbá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo tún máa ń ka èèpo ẹ̀yìn."

"Ìwọ ni mo ń wá. Ìyàwó mi á wà níbẹ̀, ìjọ á wà níbẹ̀, àwọn tí mo kọ́ níwèé á wà níbẹ̀. Gbogbo ohun tí mo jẹ́ láyé ló wà nínú ìwé yẹn. Jọ̀ọ́, tún orúkọ mi ṣe."

Tún orúkọ mi ṣe. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

Mo ra fìlà tuntun lọ́jọ́ kejì. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ kí n tó sọ̀rọ̀, bí àwọn ọ̀mọ̀wé ti máa ń ṣe, títí ìyàwó mi fi ra oògùn ikọ́ fún mi.

Mi ò lè dúró kí Bàbá fi ìwé ránṣẹ́. Mo gba ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá Múfú lọ, nítorí òun ló ń dì í. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí iṣẹ́ yẹn ṣe rí, torí mo fẹ́ràn àlàyé. Wọn kì í tẹ ojú-ìwé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orí pépà gbàgàdà kan ni wọ́n ń tẹ ojú-ìwé mẹ́rìndínlógún sí, wọn á wá ká a, wọn á tún un ká, títí á fi kéré. Kíká kan nìyẹn. Bọ̀dá Múfú á to àwọn kíká náà sórí tábìlì gígùn, á máa rìn yí i po, á máa mú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kìíní, ìkejì, ìkẹta, títí ìwé á fi pé lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn, ìwé méjì ló wà lórí tábìlì kan náà: ti Bàbá Díákónì, àti ìtàn ìfẹ́ kan tí ẹni tó kọ ọ́ kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí. Bákan náà ni gígùn wọn, bákan náà ni fífẹ̀ wọn, bákan náà ni lẹ́tà wọn.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n Ẹlẹ́ja!" Bẹ́ẹ̀ ni Bọ̀dá Múfú ṣe máa ń kí mi. "Mú nínú èyí tó wà nínú páálí. Àwọn tó wà lẹ́bàá ògiri yẹn, mo ṣì fẹ́ yẹ̀ wọ́n wò."

"Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n," ni mo wí, mo sì mú ọ̀kan lẹ́bàá ògiri. Kì í ṣe oríkunkun. Ọwọ́ mi ló ti mọ́ ibẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

Mo ka ìwé náà ní ọjọ́ méjì. Kí n má parọ́, orí márùn-ún àkọ́kọ́ le bíi búrẹ́dì ọjọ́ karùn-ún. Bàbá rìn lọ sílé ìwé láìwọ bàtà. Bàbá gba ipò kìíní. Bàbá ra kẹ̀kẹ́, ó sì fi ojú-ìwé mẹ́rin sọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ náà. Ní òpin ojú-ìwé 96, ó ń múra ìrìbọmi, ó ní: "Mo rí i pé kí n tó di ẹni tuntun, àfi kí n kọ́kọ́ wọ inú omi."

Mo ṣí ojú-ìwé 97.

"Omi náà tutù. Ẹ̀bùn na ọwọ́ sí mi láti inú ọkọ̀, ó ní kí n má pariwo, ọkọ òun ò tíì sùn."

Mo dìde dúró. Ojú-ìwé mẹ́rìndínlógún gbáko ni Bàbá àti Ẹ̀bùn fi wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n fi ara pamọ́ sábẹ́ àwọ̀n, wọ́n jẹ edé gbígbẹ láti inú agbọ̀n kan náà, ọkọ obìnrin náà fi àjẹ̀ lé wọn, Bàbá sì lúwẹ̀ẹ́ dé èbúté láìní ṣòkòtò nídìí. Ojú-ìwé 112 parí sí ibi tí Ẹ̀bùn ti ní: "Ṣèlérí pé o ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni." Ojú-ìwé 113 sì bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Pásítọ̀ gbé ọwọ́ lé mi lórí, ìjọ sì kọrin ayọ̀."

Ẹ má rò pé mi ò fura. Ẹni tó fẹ́ràn òótọ́ ni mí. Mo padà, mo ka nọ́ńbà ojú-ìwé níkọ̀ọ̀kan: 95, 96, 97, 98, títí dé 113. Kò sí èyí tó fò, kò sí èyí tó wáyé lẹ́ẹ̀mejì. Ìwé pé. Mo wá kọ sínú ìwé búlúù mi pé: "Ìfò tó ga jù lọ tí mo ti rí. Láti inú ẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sínú orin láìmí. Akọni ni bàbá yìí." Omi bọ́ lójú mi. Òjò ò rọ̀.

Sátidé pé. Gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ni wọ́n lò, aago mọ́kànlá àárọ̀. Ìwé ṣì wà nínú páálí tí wọ́n fi rìbọ́nù dì, nítorí àṣà ni pé wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ìwé wò kí wọ́n tó tú u. Ìyẹn ni pé nínú gbogbo gbọ̀ngàn, èmi nìkan ni mo ní ìwé lọ́wọ́. Alága dìde, ó ní, "Mi ò tíì kà á o, ṣùgbọ́n ìwé àrà ọ̀tọ̀ ni." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá Díákónì jókòó níwájú nínú agbádá funfun, Màmá Bọ́lá, ìyàwó rẹ̀, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé pọ́ọ̀sì sórí itan, Pásítọ̀ wà lápá kejì.

Mo wúkọ́. Mo ní: "Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ ìtàn ìgbésí ayé ara wọn, wọn kì í dẹ́ṣẹ̀. Láti ojú-ìwé kìíní dé ìparí, funfun báláú ni."

Bàbá mirí sí mi. Inú rẹ̀ dùn.

"Ṣùgbọ́n ti Bàbá wa yàtọ̀. Bàbá wa jẹ́wọ́."

Orí tó ń mì dúró.

"Ẹ jẹ́ kí n kà díẹ̀ láti ojú-ìwé 104, níbi tí ọkọ Ẹ̀bùn ti gbé àjẹ̀ sókè."

Mo kà á. Mo kà á tìfẹ́tìfẹ́. Nígbà tí mo dé ibi tí ṣòkòtò ti bọ́ sínú ọ̀sà, mo gbójú sókè kí n gba ìyìn mi. Pásítọ̀ ti bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ú, bẹ́ẹ̀ kò dọ̀tí. Arábìnrin kan lára ẹgbẹ́ akọrin ti fi ìwé orin bojú. Lẹ́yìn pátápátá, ẹnì kan kígbe pé, "Ẹ tún ibẹ̀ yẹn kà, ẹ ò gbé gbohùngbohùn súnmọ́ ẹnu dáadáa!"

Màmá Bọ́lá yíjú sí ọkọ rẹ̀. Kò pariwo. "Bàbá Bọ́lá, ta ni Ẹ̀bùn?"

Ká ní Bàbá sọ pé òun ò mọ Ẹ̀bùn rí ni, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ti kó sí i lórí, òógùn ti bo fìlà rẹ̀. Ó ní:

"Kì í ṣe Ẹ̀bùn lorúkọ ẹ̀!"

Mo gbọ́ ìró fáànù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà lókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àfi bí Bọ̀dá Múfú, tó jókòó lẹ́yìn ní tirẹ̀ tó ń retí ìrẹsì, ṣe ń sáré bọ̀ láàárín àga. Ó já ìwé gbà lọ́wọ́ mi, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí wọ́n ti rán an. "Kíká keje! Kíká keje ìtàn ìfẹ́ yẹn ló wọ inú eléyìí! Ọ̀jọ̀gbọ́n Ẹlẹ́ja, ṣé mi ò ní kó o má mú lẹ́bàá ògiri ni?" Ó tú rìbọ́nù, ó fa ìwé tó pé yọ láti inú páálí, ó gbé ojú-ìwé 97 sókè fún gbogbo èèyàn. Kíláàsì ìrìbọmi. Ìdánwò ìrìbọmi. Aṣọ tí Bàbá wọ̀ lọ sí ìrìbọmi. Ojú-ìwé mẹ́rìndínlógún.

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Alága ní ẹ̀rọ ló fà á, ẹ jẹ́ ká tẹ̀síwájú. Èmi ti ń wá ọ̀nà ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n Màmá Bọ́lá ò rẹ́rìn-ín.

"Ẹni tó di ìwé ti sọ tiẹ̀," ló wí. "Bàbá Bọ́lá, ẹ sọ tiyín."

Bàbá dìde. Ó gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ mi, mo sì fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Èmi tí wọ́n ní kí n tún orúkọ ṣe. Ó ní nígbà tí òun jẹ́ tísà kékeré, wọ́n rán òun lọ sí abúlé àwọn apẹja kan létí òkun lápá Oǹdó. Ó ní ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀, Ṣadé, tí òun ṣèlérí ìgbéyàwó fún, tí bàbá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe òun ní àna. Wọ́n gbé òun kúrò níbẹ̀, òun sì lọ láìdágbére. "Ó kọ lẹ́tà sí mi. Mi ò fèsì. Kí n tó mọ̀ ẹ́ ni, ìyá Bọ́lá. Ojú ló tì mí. Mo fò ó nínú ìwé."

"Lẹ́tà mẹ́ta," ni Màmá wí.

"Kí lo wí?"

"Lẹ́tà mẹ́ta ló kọ. Ìsàlẹ̀ àpótí yín ni mo ti rí wọn, lọ́dún tí a bí Bọ́lá. Mo tún ti ka ìwé yín yìí lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó gbé e lọ fún wọn ní Ṣómólú, mò ń wá ọmọ yẹn. Ojú-ìwé mẹ́rin fún kẹ̀kẹ́, Bàbá Bọ́lá! Ìlà kan ṣoṣo, ẹ ò rí i fún ọmọ ọlọ́mọ tí ẹ já sílẹ̀." Ó ṣí pọ́ọ̀sì, ó pa á dé. "Mo mú owó ìwé kan wá. Mi ò ní í rà á. Ẹ lọ kọ ọ́ ná."

Kò sí ẹni tó lè ra ìwé tí ìyàwó oníwèé kọ̀ láti rà. Wọ́n dá páálí padà sí Ṣómólú. Wọ́n ṣáà pín ìrẹsì. Bọ̀dá Múfú jẹ tèmi mọ́ tiẹ̀, ó ní ọ̀fun mi ò lè gba nǹkan.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀nà ẹ̀yìn ni mò ń gbà wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Àwọn télọ̀ Onípánu ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo ti rí ṣòkòtò Bàbá. Nínú ẹgbẹ́ òǹkàwé, ẹni tó sọ̀rọ̀ ejò níjọ́sí kọ̀wé pé: "Orí kẹjọ, Ọ̀gá Máṣíìnì." Kò fi nǹkan mìíràn kún un. Ẹni tí mo máa ń ronú nípa rẹ̀ jù ni ẹni tó ra ìtàn ìfẹ́ yẹn níbi tó wù kó wà, tó ti ń retí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀, tó ṣí ojú-ìwé 97 tó bá ìdánwò ìrìbọmi. Ó ṣeé ṣe kó ti di ẹni ìgbàlà.

Bàbá kọ ọ́ o. Nígbà tí wọ́n tún ìkójáde ìwé náà ṣe, ẹ̀yìn ni mo jókòó sí, láìdé fìlà. Ọ̀jọ̀gbọ́n gidi ló yẹ̀ ẹ́ wò, kò sì sọ ohunkóhun tó kọjá ojú-ìwé 40. Orúkọ Ṣadé wà níbẹ̀, lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀. Kò dùn tó ti Ẹ̀bùn, kò sí ẹni tó lúwẹ̀ẹ́, ṣòkòtò ò bọ́. Bàbá kan jókòó síwájú àwọn lẹ́tà tí kò fèsì sí ni, kò tilẹ̀ mọ ohun tí ì bá kọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Màmá Bọ́lá ra ẹ̀dà kan, ó ra ìkejì, ó sì gbé e fún mi níwájú gbogbo èèyàn. Ó ti fi bírò kọ sínú rẹ̀ pé: "Ọmọ mi, èyí pé. Mo ti bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé nọ́ńbà ojú-ìwé lè pé kí ìtàn má pé, nínú ìwé àti nínú èèyàn. Ní báyìí, bí ìwé bá fò, mo máa ń kọ́kọ́ wo ibi tí wọ́n ti rán an kí n tó yìn ín. Bí mo sì ṣe ń kọ èyí, mo ṣí ìwé búlúù mi síwájú, mò ń rẹ́rìn-ín ara mi. Ìwé tí mo ti kà láti ọjọ́ ẹja yẹn: igba ó lé mẹ́tàdínlógún. Èyí tí wọ́n pè mí wá yẹ̀ wò níwájú èrò: ẹyọ kan. Ẹyọ kan náà ló ṣì jẹ́.